Ẹ̀yin tó ń múra ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, báwo lẹ ṣe ń ka current affairs?

ỌmọAjílété (Under G, Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba kan n'Íbàdàn, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Aago 4 ìdájí ni mo ti wà ní gáréèjì, n kò fi nǹkan kan sẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ò yọ mí lẹ́nu. Ìṣirò náà, mo rọ́gbọ́n dá sí i. Ibi tí wọ́n ti gbá mi mú ni current affairs. Mo ti ra PDF kan lórí WhatsApp ní ₦1,500, ojú ewé 84, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi há a sórí bí ẹni ń há kéwú. Mo débẹ̀, wọ́n bi mí pé ta ló kọ ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè wa. Kíá ni mo tẹ Odiase, mo tún ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Orílẹ̀-èdè mélòó ló wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Mo tẹ 15.

Nígbà tí a jáde, ọmọbìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi bi mí ní ohun tí mo tẹ̀. Mo sọ fún un. Kò bú mi, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mi, ó kàn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bùrọ̀dá." Ẹ pẹ̀lẹ́ yẹn dùn mí dé egungun.

Ìbéèrè mi nìyí: báwo lẹ̀yin ṣe ń kà á? Ọ̀rọ̀ ayé ò lópin, ó sì ń yí lójoojúmọ́. Ṣé gbogbo ìwé ìròyìn ni kí n máa rà ni? Dátà tí mo fi ń kọ èyí gan-an, màmá mi ló rà á.

Àdùkẹ́_Òwódé (Ọ̀yọ́):

Háà! Mo mọ PDF yẹn! Ṣé èyí tí wọ́n ya àsíá sí iwájú ẹ̀, tí wọ́n wá kọ "àtúnṣe tuntun" gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀? Èmi náà rà á. Ẹ ṣí i sí ibi tí orúkọ àwọn ọba wà. Wọ́n ní Aláàfin Ọ̀yọ́ ni Ọba Lámídì Adéyẹmí. Baba ti wàjà láti oṣù kẹrin ọdún 2022!

Ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán ni mò ń gbé o. Lọ́jọ́ tí Ọba Akeem Owóadé gba adé, 5 oṣù kẹrin ọdún 2025, kò sí ibi tí èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ sí nílùú. Ọ̀kadà tó ń gbé mi ní ₦300 tẹ́lẹ̀ ní òun á gba ₦1,000, mo sì san án. Ìwé wá ń kọ́ èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ní ẹni tó wà lórí àpèrè. Ohun tó tún burú ni pé mo ti ń há a sórí kí n tó ta jí.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Tiyín náà wà níbẹ̀. Ọba Oyèwùmí Ajagungbadé tó wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣì kọ sí Ṣọ̀ún. Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè ti gorí oyè láti 2023.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún 35 ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń kó ìbéèrè jọ rí, nígbà tó ṣì jẹ́ bébà àti báírò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Ẹni tó ń ṣe ìbéèrè mọ̀ pé ìwé àtijọ́ wà níta. Òun náà ti rí i. Ibi tí ìwé yẹn ti di irọ́ gan-an ló ń dẹ pàkúté sí. Kò ní bi yín ní ohun tí kò yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín bí kò ṣe pé ó fẹ́ ṣàánú yín.

Ẹ mú ti orin náà. Odiase ló ṣe ohùn orin "Arise, O Compatriots" tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 1978. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, inú ohun tí èèyàn márùn-ún kọ ni wọ́n ti fà á yọ. Nítorí náà PDF yín pa irọ́ lórí orin àtijọ́ pàápàá. Orin tí a gba òmìnira pẹ̀lú rẹ̀ ní 1960, "Nigeria, We Hail Thee", obìnrin òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Lillian Jean Williams, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó dá a padà. Èmi kọ ọ́ ní kékeré kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú ilé, àwọn ọmọ mi ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tí iwin ń bá sọ̀rọ̀.

ECOWAS náà, ẹ má há iye rẹ̀ sórí. Ẹ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Àwọn sọ́jà gba ìjọba ní Mali, wọ́n gbà á ní Burkina Faso, wọ́n tún wá gbà á ní Niger ní 26 oṣù keje ọdún 2023. ECOWAS fìyà owó jẹ Niger, ó tún ń sọ pé òun lè gbé ogun lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bínú, wọ́n para pọ̀, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Ìbínú yẹn ló sọ 15 di 12. Ẹni tó bá mọ ìjà tó wà nídìí rẹ̀ kò lè tẹ 15 láé, bí oorun bá tilẹ̀ ń kùn ún.

ỌmọAjílété:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Èyí tí ẹ kọ yìí yé mi ju ojú ewé 84 lọ.

Aláìgbàgbọ́_Adénikẹ́:

Ẹ máa tan ara yín jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti ṣe ìdánwò yìí. Nínú ọ̀kan, mi ò ní í dárúkọ iléeṣẹ́ náà, orúkọ àwọn tí wọ́n mú ti wà lórí fóònù ẹnì kan tí mo mọ̀ kí àwa tó wọ gbọ̀ngán. Mo rí i fúnra mi. Iṣẹ́ lẹ́fẹ́ẹ̀lì 08 tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ ka Mali àti Burkina Faso, ọmọ ẹni tó mọ ẹni tó mọ ọ̀gá ló wà fún. Ta ni Ààrẹ ECOWAS kò kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Caretaker (Ògbómọ̀ṣọ́):

Adénikẹ́, mo gbọ́ ohun tí o sọ, n kò ní pè é nírọ́. Àmọ́ èmi ò mọ ẹnì kankan, bàbá mi tó bí mi ò mọ ẹnì kankan, mo sì ti dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹ̀ẹ̀mejì. Máàkì mi ló gbé mi débẹ̀. Tí n kò bá kàwé náà ńkọ́, kí ni mo fẹ́ gbé lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi. Àkàrà ni mò ń dín ní Caretaker, láti aago 5 ààbọ̀ ìdájí. Rédíò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Aago 7, mo máa ń gbọ́ ìròyìn Radio Nigeria, tí ọjà bá sì dẹwọ́, mo máa ń yí i sí Ajílété FM fún ti agbègbè wa. Gbogbo ìròyìn kọ́ ni mò ń kọ o. Ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́, èyí tí ẹnì kan ti lọ tí ẹlòmíràn dé, tàbí tí iye kan yí padà.

Nótúbúùkù tí Táíwò ò lò tán nígbà tó wọ kíláàsì tuntun ni mo fi ń kọ ọ́. Epo ti rin igun rẹ̀ wọlé dé ojú ewé kẹwàá. Mo fa ìlà mẹ́ta sí i: ta ló lọ, ta ló dé, kí ló dé. Ẹ wo ti báńkì ìdàgbàsókè Áfíríkà, èyí tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abidjan. Mo ti kọ Akínwùmí Adéṣínà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá rẹ̀ pé, mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la orúkọ yẹn já, mo kọ Sidi Ould Tah, ọmọ Mauritania, 1 oṣù kẹsàn-án 2025. N kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Wọ́n máa ń bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń dáhùn fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti INEC, àjọ elétò ìdìbò: Mahmood Yakubu lo ọdún mẹ́wàá, ó lọ ní oṣù kẹwàá 2025, Joash Amupitan, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin, dé.

Lálẹ́, Táíwò á máa bi mí, Kẹ́hìndé á di ìwé mú kí n má baà yọjú wò ó. Táíwò kì í gba ààbọ̀ ìdáhùn. Tí mo bá ní "2025", á ní, "Oṣù wo, Mọ́mì?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni o.

Aláìgbàgbọ́_Adénikẹ́:

Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀dùn ọkàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo ti ń ná owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti ọdún tó kọjá.

ÌyáÌbejì_Caretaker:

Mo mọ̀. Wá jẹ àkàrà lọ́la, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹ.

ÌdáhùnPípé_2:

Ìbéèrè àti ìdáhùn ìdánwò tó ń bọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, pérépéré, ₦5,000. Ẹ tètè kàn sí mi lórí nọ́ńbà yìí kó tó tán.

Olùdarí_Àpéjọ:

Mo ti yọ nọ́ńbà ẹni òkè yìí kúrò, mo sì ti lé e. Mo fi ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Àdùkẹ́_Òwódé:

Ẹ ṣeun, Olùdarí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin san irú owó yẹn lọ́dún kan. Wọ́n fi fọ́tò ìbéèrè ránṣẹ́ sí i lóòótọ́. Ó fara balẹ̀ kà á, ìbéèrè WAEC ni, lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Orúkọ kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà ló ń kà ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó lọ ṣe ìdánwò akọ̀wé.

Tísà_Kọ́sọ̀bọ̀ (Ọ̀yọ́):

Hahaha! Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà ni ti ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lọ sí ìdánwò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í ṣe Mali ló máa pa yín, ilé yín ni. Mo ń kọ́ àwọn mẹ́fà kan lọ́jọ́ Sátidé, mo bi wọ́n pé ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Gbogbo wọn ní 33, ó dára. Mo wá bi wọ́n ní iye aṣòfin tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní 33. Ó tì! 32 ni. Wọ́n rò pé kálukú ìjọba ìbílẹ̀ ló ní aṣòfin kan. Àwọn kan ní méjì, àwọn kan sì pa pọ̀ ní ẹyọ kan.

Owó oṣù tó kéré jù lọ náà ń dà wọ́n láàmú. Ti orílẹ̀-èdè jẹ́ ₦70,000, òfin rẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 2024. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí ₦80,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Tí ìbéèrè bá ní "ní Nàìjíríà", 70. Tí ó bá ní "ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́", 80. Àwọn tó ń sáré kà kì í rí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Ẹ tún mọ̀ ọ́n pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n á máa yẹ owó náà wò báyìí. Ọdún márùn-ún ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà sì wà nínú àwọn PDF yín.

Ìpínlẹ̀ wa jáde láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 3 oṣù kejì 1976. 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, márùn-ún nìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bi yín ní olú ìlú Oríire kí ẹ máa wo òrùlé. Ìkòyí-Ilé ni. Ti Ògo Olúwa, Àjàáwà.

ỌmọAjílété:

Tísà, Ìkòyí-Ilé yẹn, mo mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni ìyá ìyá mi ti wá. Ti aṣòfin 32 ni n kò mọ̀.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì:

Tísà ti rán mi létí nǹkan kan. Ọdún púpọ̀ ni mo fi rí i pé àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń kùnà ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni Olórí Ìjọba àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn? Akíńtọ́lá ni wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n gbọ́ orúkọ náà láti inú oyún, wọ́n gbàgbọ́ pé òun ló ṣe gbogbo rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ni, láti 1954. Ìgbà tó fi í sílẹ̀ lọ díje ìbò àpapọ̀ ní 1959 ni Akíńtọ́lá bọ́ síbẹ̀, òun ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní 15 oṣù kìíní 1966. Ẹ fẹ́ràn ọmọ ìlú yín, ẹ tẹ Awólọ́wọ̀.

Àdùkẹ́_Òwódé:

Bàbá, ẹ̀yin náà ti sọ ọ́! A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là á rí o, àwa ò ní irú ìṣòro yẹn 😀

Akọ̀wéFẹ̀yìntì:

Ẹ ò ní in? Ẹni tó ń há orúkọ Aláàfin sórí láti inú PDF.

Àdùkẹ́_Òwódé:

Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Àní mo kúnlẹ̀.

Ayọ̀délé_Sábó:

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè tèmi kéré. Báwo ni mo ṣe máa padà sẹ́yìn tó? Ọdún kan? Ọdún márùn-ún? Mo sì rí i pé wọ́n bi àwọn kan nípa FIRS. Ṣé òun ló ṣì ń gba owó orí?

Tísà_Kọ́sọ̀bọ̀:

FIRS ti di Nigeria Revenue Service. Àwọn òfin owó orí mẹ́rin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 26 oṣù kẹfà 2025 ló yí i. Òfin owó orí tuntun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 2026, ọjọ́ méjèèjì yàtọ̀ síra, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti bèèrè iye tí ẹni kan máa pa lọ́dún tí kò fi ní san owó orí: ₦800,000.

Ní ti ọdún mélòó, oṣù 18 sẹ́yìn ni mo máa ń sọ fún àwọn tèmi kí wọ́n mọ̀ dunjú. Ohun tó ṣáájú ìyẹn, èyí tó ṣì ń lágbára lórí tòní nìkan. Bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀, 11 oṣù keje 2024. Àtijọ́ ti ń jẹ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló ṣì ń jà lórí ẹ̀.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì:

Kí ẹ sì mọ ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀. Ó ya mí lẹ́nu pé èèyàn ń wá iṣẹ́ ìjọba tí kò mọ̀ pé ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ni a ń fẹ̀yìn tì. Ìdá 153 nínú ìwé òfin 1999 ló dá àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, ìdá 197 ló dá ti ìpínlẹ̀. Sẹ́nétọ̀ 109, aṣojúṣòfin 360. Ìwọ̀nyí kì í yí padà, ọ̀sán kan ló máa gbà yín.

Aláìgbàgbọ́_Adénikẹ́:

Mo jẹ àkàrà o. Wọ́n gbóná, ata wọn pọ̀. Màmá bi mí pé ta ló gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin Áfíríkà. Mo ní Super Falcons. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀melòó? Mo ní mẹ́sàn-án. Wọ́n gba ọ̀kan padà nínú awo mi! Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni o, 26 oṣù keje 2025, wọ́n na Morocco 3 sí 2 ní Rabat. Mi ò ní gbàgbé láyé.

ÌyáÌbejì_Caretaker:

Àkàrà kan ṣoṣo ni mo gbà, ó wá ń ké kiri ayé.

ỌmọAjílété (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án):

Ẹ ẹ̀ ní gbà mí gbọ́, mo ti ra nótúbúùkù. Mo pa PDF yẹn rẹ́ lórí fóònù mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"ECOWAS. Ta ló lọ: Mali, Burkina Faso, Niger. Mélòó ló kù: 12. Kí ló dé: àwọn sọ́jà gba ìjọba, ECOWAS fìyà jẹ wọ́n, wọ́n bínú. Ọjọ́ tí wọ́n jáde: 28 oṣù kìíní 2025."

ÌyáÌbejì_Caretaker:

Mo fi han Táíwò. Ó ní 28 oṣù kìíní ni ọjọ́ tí wọ́n sọ pé àwọn ń lọ, ní 2024. Wọ́n ní láti dúró fún ọdún kan. Ọjọ́ tí wọ́n jáde gan-an ni 29, ní 2025. Ó ní kí o fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kí o má pa á rẹ́.

ỌmọAjílété:

Mo ti fà á. Ẹ bá mi kí Táíwò.